Bọ́ọ̀lù Tó Wọlé Lẹ́yìn Ọdún Mọ́kànlélógún

Bọ́ọ̀lù tí Láníhùn jù tí kò wọlé, ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ló tó wọlé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Fadérẹrà ló fi ojú ara rẹ̀ rí i, obìnrin náà kì í sì í parọ́, kò tilẹ̀ mọ àwàdà ṣe.

Fadérẹrà ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ Àpótí Ìrántí ní ìlú Òkè-Ìrì, níbi tí wọ́n kó gbogbo eré Líìgì Ojú-inú pamọ́ sí. Láyé ìgbà tí odò ti gbẹ tán yìí, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ sáré gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mọ́. Ta ló ní òógùn tí yóò fi ṣòfò? Àwọn agbábọ́ọ̀lù á jókòó sórí àga, wọ́n á dé akẹtẹ̀ ojú-inú, ẹ̀rọ á sì máa fi èrò ọkàn wọn sáré, á fi fò, á fi ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ ni tirẹ̀ máa ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹnu lè parọ́, ọkàn kì í parọ́.

Eré ọmọdé kọ́ o. Òkè-Ìrì àti ìlú Ìdí-Ayin, ẹ̀rọ afúnkùukùu kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní, èyí tó ń fún omi jáde lára ìkùukùu. Wọ́n ti jà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi sin ènìyàn tó lé ní igba. Ìgbà tó sú wọn ni wọ́n fi eré rọ́pò ogun: ìlú tó bá gba ife ni yóò di ẹnu ọ̀pá omi mú fún ọdún kan gbáko.

Ọdún mẹ́rin léraléra ni Láníhùn gba ife fún Òkè-Ìrì. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ní ọdún karùn-ún, ó ku jíjù kan ṣoṣo kí eré parí, kò sì sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù kan etí apẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀. Yéè!

Ọjọ́ náà ló di ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n ṣáà ti gbà pé ọkàn kì í parọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá yẹ̀, á jẹ́ pé ọkàn ẹni tó jù ú ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ akẹtẹ̀ lórí, kò dé e mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù. Títí dòní, bí ọbẹ̀ bá jóná ní Òkè-Ìrì, wọ́n á ní, "Ọbẹ̀ yìí ṣe Láníhùn." Ti bàbá rẹ̀, tó jẹ́ Baálẹ̀ ìlú, ló wá burú jù. Àràárọ̀ ni Láníhùn ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, àràárọ̀ ni bàbá ń dákẹ́. Kò ní kó dìde, kò ṣàdúrà. Ọmọ á dìde fúnra rẹ̀, á gbọn eruku àyà nù, á lọ. Ọdún mọ́kànlélógún! Ẹ rò ó wò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo wí yìí, Fadérẹrà ń kó àwọn eré àtijọ́ láti inú àpótí ògbólógbòó sínú tuntun. Àpótí tuntun kì í gba ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ eré lẹ́yìn. Ó máa ń fẹ́ ẹ dànù bí ẹni ń fẹ́ èèpo ẹ̀wà. Nígbà tó kan jíjù Láníhùn, nǹkan kan ré bọ́. Bọ́ọ̀lù wọlé wọ́ọ́, kò tilẹ̀ fara kan etí apẹ̀rẹ̀. Fadérẹrà tún un wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá yẹ ohun tó ré bọ́ wò: àṣẹ ni, pé kí ẹ̀rọ yí bọ́ọ̀lù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmì ìka ẹni tó pàṣẹ sì wà lára rẹ̀. Ìka kan náà tó ń ṣí ọ̀pá omi nígbàkigbà tí Òkè-Ìrì bá gba ife ni. Ìka Baálẹ̀.

Ó sáré lọ bá Láníhùn níbi tó ti ń fọ àwọ̀n ẹ̀rọ afúnkùukùu, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe.

"Bọ̀ọ̀dá mi, bọ́ọ̀lù yín wọlé."

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Èyí yẹn."

Láníhùn jókòó sínú ẹrẹ̀. Fadérẹrà ṣàlàyé tán kó tó lè dìde.

Wọ́n bá Baálẹ̀ ní gbọ̀ngàn rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni, ojú rẹ̀ ti fọ́. Fadérẹrà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Bàbá, àpótí ti tú àṣírí. Ẹ̀yin lẹ yí bọ́ọ̀lù Bọ̀ọ̀dá Láníhùn."

Baálẹ̀ kò sẹ́ ẹ. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà?"

"Mẹ́fà."

"O ò lè rántí. Ọdún mẹ́rin ni ará Ìdí-Ayin fi ń lá ìrì lára ewé. Wọ́n ti ń pọ́n àdá. Ká ní a gba ife ọdún karùn-ún ni, ìwọ tó ń bá mi jiyàn yìí, bóyá wọn ì bá ti sin ọ́."

"Ẹ̀ bá bu omi fún wọn!"

"A bù ú. Wọ́n dà á sílẹ̀ lójú wa. Wọn kì í gba ìtọrẹ. Àfi kí wọ́n borí, kí wọ́n sì gbà pé agbára àwọn ni."

"Ẹ ba iṣẹ́ wa jẹ́, Bàbá. Ta ni yóò tún gba ẹ̀rọ gbọ́?"

"Ẹ̀rọ yín kò sin òkú rí. Èmi ti sin òkú."

Láníhùn wá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ bá sọ fún mi. Ǹ bá jù ú dànù fúnra mi."

"Ojú rẹ ò mọ irọ́ pa."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ọmọ ta ni kí n mú? Kí n fi ọmọ ẹlòmíràn tún ìlú ṣe, kí n wá gbé tèmi pamọ́?"

"Àdúrà àárọ̀ ńkọ́?"

"Bí mo bá ṣe é, ìlú á ní mo mọ nǹkan kan."

Inú bí Láníhùn. "Ọjọ́ tí màámi fẹ́ kú, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, 'Láníhùn, kí ni wọ́n fún ọ tí o fi tà wá?' Mo búra fún wọn, wọn ò gbà mí gbọ́. Ẹ wà níbẹ̀, Bàbá."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ ń fún wọn lómi mu."

"Mo ń fún un lómi mu," ni Baálẹ̀ wí.

Fadérẹrà fò dìde. "Màá kéde rẹ̀ ní gbàgede lónìí yìí!"

"Kéde rẹ̀. Ará Ìdí-Ayin ló ń di ẹnu ọ̀pá mú lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àánú la fi ife yẹn ṣe fún wọn, wọ́n á dí i pa. Àdá á sì jáde."

Fadérẹrà yíjú sí Láníhùn. Baálẹ̀ náà kọjú sí ibi tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ wá wo ìwà ọ̀dájú! Orí ẹni tó ti ń ru ẹrù ni wọ́n tún ń dúró dè.

"Dá àṣẹ náà padà sí i," ni Láníhùn wí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àfi kí ẹnì kan pa àṣẹ náà lákọ̀tun, ìka onítọ̀hún ni yóò sì wà lára rẹ̀."

"Mú un wá."

Fadérẹrà ń sunkún nígbà tó na àwo ẹ̀rọ sí i. Láníhùn fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú àwo náà, bọ́ọ̀lù tún kan etí apẹ̀rẹ̀, ó yẹ̀.

Baálẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀. Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, síbi tí orí ọmọ rẹ̀ máa ń wà láràárọ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "O ò ní rí ìtìjú mọ́. Ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Dìde, ó tó, dìde."

Láníhùn kò dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti jáde.