Àmì Pupa

Hameedah ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sára bébà ńlá nígbà tí Miracle, ọmọ kíláàsì rẹ̀, yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwòrán kan ní Peckham, nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Linh Trần ló ni yàrá náà. Ará Amẹ́ríkà ni, Vietnam ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àwòrán ara ògiri ló fi ń jà fún àwọn tí kò ní alágbàwí. Lọ́sẹ̀ náà, ti àwọn ayálégbé tí wọ́n fẹ́ wó ilé wọn ló ń ṣe. Bàbá Gàníyù, bàbá àgbà Hameedah, wà lára wọn.

"Àṣé ibí lo máa ń sá wá," ni Miracle wí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ ẹ́ tó. "Ọ̀dọ̀ obìnrin tó fẹ́ obìnrin? Àbí ìwọ ni ìyàwó kejì?"

"N ò mọ̀ ọ́n, jàre. Mo kàn yà ni."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, Linh gbọ́. Hameedah fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Àmì kan ṣoṣo ló kù lórí ohun tó ń kọ.

Linh kò gbọ́ Yorùbá. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe bá a, ó sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri òpópónà Rye Lane. Dípò A KỌ́ ILÉ WA, ohun tí gbogbo ènìyàn kà ni A KỌ ILÉ WA.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Gàníyù kó àwọn ayálégbé wá, Hameedah sì tẹ̀lé wọn.

"Ta ló ní a kọ ilé wa sílẹ̀?" ni Bàbá béèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Linh lè gbọ́. "Èmi tí mo fẹ́ kú síbẹ̀? Àwọn tó fẹ́ wó o yóò ní a ti gbà. Ta ló kọ èyí?"

Linh wo Hameedah, ó sì gbójú kúrò. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bi mi ni."

Ẹni tí Hameedah sẹ́ lójú ọ̀rẹ́ ni ó ń dáàbò bò ó lójú ẹbí. Hameedah kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ má dá wọn lẹ́bi, Bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo sá nídìí iṣẹ́, torí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí Aunty Linh àti Aunty Bernice, ìyàwó wọn."

Bàbá yíjú sí Linh. "Ẹni tó bá ń bá mi di òpó ilé mi mú, n kì í bi í pé ta ló fẹ́."

"Lédè àwọn òbí mi," ni Linh wí, "àmì orí ọ̀rọ̀ lásán ló ya ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ìyá sọ́tọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ sàréè. Ó yẹ kí n ti béèrè. Ọ̀dà wo la ní?"

Pupa ló kù. Wọ́n rin Rye Lane já, Hameedah ń fa àmì pupa sórí ọ̀rọ̀ náà níbi gbogbo. Àwọn tó ti kọjá láìwò ó tẹ́lẹ̀ wá ń dúró kà á. Miracle bá wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan.

"Fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì kan. Má wò mí bẹ́ẹ̀."

Títí di òní, wọn kò tíì wó ilé náà.

"Ẹ ṣé, Aunty Linh," ni Hameedah wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.

"Fún kí ni?"

"Ẹ mọ̀ mí nígbà tí mo ní n ò mọ̀ yín."

Yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán. Ẹni tó ṣe wá lóore kì í ṣe ẹni tí à ń sẹ́ nítorí yẹ̀yẹ́.