Kíkùn Tí N Kò Gbọ́

“Ó ń kùn, Bàbá,” ni mo wí.

Bàbá Milisav gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá. Ó tẹ etí ọ̀tún mọ́ ampilifáyà tó ń gbé ohùn gìtá náà jáde, ó dijú, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn gílóòbù kéékèèké ń pọ́n yòò lẹ́yìn àpótí onígi rẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà pa lọ́lọ́. Kò sí ohunkóhun tó ń kùn.

“Kíkùn báwo?”

Mo kọjú sí i dáadáa kó lè rí ẹnu mi. “Tínínrín ni, bíi ti oyin. Bóyá etí yín ò lè gbé e ni.”

Vukan, tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin wa, ló fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ mi. “Senka, má ya dìndìnrìn,” ló wí. “Bàbá yẹn kì í gbọ́ ohùn tínínrín mọ́. Ta ló máa já irọ́ ẹ?”

Yàtọ̀ sí Bàbá, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Arilje, ìlú wa, tó ń fi ọwọ́ ṣe ampilifáyà bíi tayé àtijọ́, tó ń jó wáyà rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ṣe èyí fún ọkùnrin kan tó ń kọrin níbi ìgbéyàwó. Nígbà tí onítọ̀hún ń kó lọ sí Jámánì, ó tà á padà fún Bàbá. Bí o bá rọra ta okùn gìtá, ohùn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí o bá fọwọ́ líle tà á, á ké. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún yúrò ni Bàbá pè é. Ẹgbẹ̀ta péré ni mo rí níbi tí mo ti já èso málínà láti oṣù kẹfà, ìdíje orin wa ní ìlú Čačak sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

“Mi ò lè ta ohun tó ń kùn fún ọmọ ọlọ́mọ níye yẹn,” ni Bàbá wí nígbẹ̀yìn. “Mú ẹgbẹ̀ta wá.” Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rosanda, tún fi ìgò jáàmù kan lé e fún mi. N kò jẹ jáàmù náà. Ojú tì mí.

A gba ipò kejì ní Čačak. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ló ṣe ampilifáyà olóhùn dídùn yẹn, n kò sì lè dárúkọ Bàbá fún ìtìjú. Nílé, bí mo bá tàn án, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó ta gìtá, bóyá yóò kùn lóòótọ́. Mo fẹ́ kó kùn. Kò kùn.

Lọ́jọ́ kan, mo pàdé Ìyá Rosanda níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. “Bàbá ti fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ o,” ni ó wí fún mi. “Lẹ́yìn tó o lọ, ó tú ampilifáyà mẹ́ta míì tó ti parí, ó ń wá kíkùn kan bẹ́ẹ̀. Kò rí i. Ó ní bí etí òun bá ti já òun kulẹ̀, òun ò gbọdọ̀ gbowó ọlọ́wọ́ mọ́. Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá kó irinṣẹ́ ẹ̀.”

“Panu mọ́ o!” ni Vukan wí nígbà tí mo sọ fún un. “Ó ti ṣẹlẹ̀ ná.”

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ní Fráìdé, mo gbé ampilifáyà náà sínú bárò tí a fi ń kó málínà, mo tì í lọ. Ara ògiri ibi iṣẹ́ ti ṣófo. Bàbá ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn irinṣẹ́ rẹ̀.

Mo tẹrí ba. “Bàbá, mo purọ́. Kò kùn rí.”

“Gbójú sókè, Senka. Mi ò rí ẹnu ẹ.”

Mo gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú mi. “Irọ́ ni mo pa!” Mo pariwo débi pé aládùúgbò kan ṣí fèrèsé. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ irọ́ náà. Igbe ni mo fi sọ òótọ́.

Bàbá gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mo tú mẹ́ta,” ló wí. “Mo fọwọ́ ara mi tú wọn.” Lẹ́yìn náà, ó tan ampilifáyà náà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀. “Ta gìtá.”

Mo tà á. Ó dijú.

“Ó dáa. Fi í sílẹ̀ níbí. Ọjọ́ tó o bá mú ìyókù owó ẹ̀ wá, wàá gbé e lọ.”

Mo já málínà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo san ìyókù, mo sì gbé e lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni mo bá a lẹ́nu iṣẹ́, irinṣẹ́ rẹ̀ ti padà sára ògiri. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ampilifáyà kan ni. Tẹ́lẹ̀, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe aládùúgbò, ó tún yíjú sí èmi náà.

“Ṣé kò kùn?” ló ń bi wá. “Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo ti san owó tí mo fi irọ́ dín. Ohun tí irọ́ mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò rí i san. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi irọ́ ra ohunkóhun, nítorí ẹlòmíràn ni yóò san ìyókù rẹ̀.