Ìràwọ̀ Tó Pọ́n Bí Ọsàn

Ọmọbìnrin aránṣọ kan ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan kọ́kọ́ rí i. Ó gbé abẹ́rẹ́ náà súnmọ́ ojú bí ẹni tó fẹ́ fẹnu kò ó. Ọkùnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí iná ààrò ti jó, tí awọ rẹ̀ sì ti kájọ. Aránṣọ gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i, kò sì gbójú kúrò. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, wọn a jókòó ti ara wọn lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Ìràwọ̀ kan máa ń yọ lókè òrùlé iwájú, ó pọ́n bí ọsàn. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ìràwọ̀ náà ti darúgbó, ó sì ti wú débi pé oòrùn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ojú lásán lèèyàn fi ń rí i. Aránṣọ á ní ó rẹwà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run. Aránṣọ gbórí sókè. "Ìràwọ̀ wa mà tàn lónìí o."

Ara ọkùnrin náà bù máṣọ. Ṣé kò ríran ni? Ìyẹn ni kò fi sá fójú òun! Ó yẹ kó sọ fún un pé kó lọ gba awò ojú, ṣùgbọ́n ó panu mọ́, torí bí awò bá dé, ìfẹ́ lè lọ. Ìtìjú wá ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹgi, títí ọjọ́ tí alùpùpù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá aránṣọ níwájú rẹ̀. Ó fà á sẹ́yìn.

"Mo mọ̀ pé o ò ríran, mo dákẹ́," ló wí. "Kí o má bàa rí ojú mi ni."

Kò dúró gbọ́ èsì. Kò sì padà wá mọ́.

Aránṣọ ló wá a lọ síbi iṣẹ́, awò tuntun lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri, ó ń po ìyẹ̀fun.

"Mo ti rí ìràwọ̀ rẹ. Bí o ṣe ń pariwo ẹ̀ tó, mo rò pé á tó ìkòkò."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ojú mi ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ jókòó tì mí ni mo ti rí i. Olólùfẹ́ mi, ohun tó jìnnà ni n kì í rí. Ìwọ ò jìnnà sí mi."

Ó ní òun gan-an ló yẹ kójú tì, tóun ń purọ́ ìràwọ̀ kó má bàa pe òun ní afọ́jú.

Ọkùnrin náà yíjú sí i, tòun ti àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó rọra béèrè bóyá ìyá aránṣọ á wà nílé lọ́la. Aránṣọ ní ó ti pẹ́ tí ìyá òun ti ń béèrè ohun tó dé tí àna rẹ̀ ò fi yọjú.