Ọwọ́ Hafeez Nínú Ẹ̀rọ Ike

Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò winniwinni ń rọ̀ sórí páànù ilé iṣẹ́ wa lójú ọ̀nà Ìgbẹ́sà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí inú ń bí tó báyìí kì í ráyè purọ́.

Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń rún ike àlòkù wẹ́wẹ́ fún wa. Ariwo rẹ̀ ti dí wa létí, a kì í fi etí mọ̀ bóyá ó ti dúró. Bàtà la máa ń bọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ. Tí ilẹ̀ kò bá gbọ̀n mọ́, ẹ̀rọ ti kú.

Lọ́jọ́ náà, ike há sí i lọ́fun. Wọ́n pa iná. Abẹ inú rẹ̀ dúró, gbogbo wa rí i. Hafeez, ẹni tó lágbára jù nínú wa, ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo bọ́ bàtà.

Ilẹ̀ ń gbọ̀n.

"Hafeez, dúró! Kò tíì kú."

Ephraim, ọ̀gá wa, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Àpọ́nlé, ẹsẹ̀ yín ló ń gbọ̀n. Ogbó ti dé."

"Ẹ bọ́ tiyín wò, ọ̀gá."

Wọ́n bọ́ ọ, gbogbo wọn. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Oyá, Hafeez, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́! Ọkọ̀ tó fẹ́ kó ọjà ti wà ní géètì."

Mo di aṣọ Hafeez mú. Ephraim gbá ọwọ́ mi dànù.

Hafeez ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ẹ̀rọ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀rọ kò mira. Abẹ kò yí. Ó fa ike náà yọ, ó jù ú sílẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni ilẹ̀ dákẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Hafeez wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lọgun. "Ó ti gé e! Ẹ bá mi wá ọwọ́ mi!"

"Òun nìyí lára rẹ." Ìka márààrún pé. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo dì í mú. Ó gbóná.

"Kí lẹ dì mú, bàbá? Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ń dà!"

Ephraim pòṣé. "Wàyó! Padà sẹ́nu iṣẹ́, àbí kí o máa lọ sílé."

Hafeez jókòó sílẹ̀. Ètè rẹ̀ ń funfun bíi tẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá Ephraim ṣiṣẹ́. N kò gbóhùn sókè sí i rí.

"Panu ẹ mọ́," mo wí fún un.

Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fà á ya, mo fi di apá Hafeez pinpin lókè ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dá.