Ẹni Tí Wọn Kò Bi Léèrè

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ń bọ̀, ni ọ̀gá ilé-ìwé girama kan ní Oǹdó bá bẹ Akínbọ̀wálé, olùkọ́ yunifásítì láti Àkúrẹ́, pé kó wá ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti yan ohun tí wọ́n máa ṣèwádìí lé lórí. Ọkùnrin náà ti yan tirẹ̀ wá láti ilé. Ó ń pín in fún wọn bí ẹni ń pín búrẹ́dì.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́," Fẹ́yìsayọ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì wọn, dá a dúró. "Ẹ ò tíì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ bi wọ́n wò."

Ó bi wọ́n. Goodness ní òun fẹ́ mọ bóyá ọ̀rá funfun sàn ju dúdú lọ láti fi bo kòkó tí ìyá àgbà òun ń sá, kí ó má baà bu nígbà òjò. Akínbọ̀wálé ki bébà tó kọ tirẹ̀ sí bọ àpò.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí tíṣà yìí. Gbogbo Sátidé ló ń wakọ̀ wá, ó ní òun wá wo kòkó. Kòkó wo! Àwọn ọmọ gan-an mọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Fẹ́yìsayọ̀ délé, ó bá àwọn àgbà ẹbí Akínbọ̀wálé láti Àkúrẹ́ ní pálọ̀. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn, bàbá rẹ̀ ti gbà, wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ pé kí ìgbéyàwó bọ́ sẹ́yìn Àjíǹde.

"Àkúrẹ́ ò kúkú jìnnà," ìyá rẹ̀ ní.

"Màámi, kì í ṣe ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí."

"Mo ti dá wọn lóhùn," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹyin lohùn."

"Ẹ dárí jì mí, bàámi. N ò fẹ́ ẹ."

Irọ́ ni. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Inú bí àwọn ẹbí ọkùnrin náà. Wọ́n ní kó lọ wo ọmọbìnrin ará Ìta-Ògbólú kan tó lè fẹ́. Akínbọ̀wálé kọ̀, ó dá wakọ̀ lọ sí Oǹdó, ó bá Fẹ́yìsayọ̀ ní kíláàsì.

"Olólùfẹ́ mi, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí bàbá rẹ bá ti gbà, o ò ní lè kọ̀ mí."

"Tí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá padà sílé. Yóò dùn mí gan-an."

"Ó dáa. Ẹ bi mí."

"Fẹ́yì, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ohun tí ǹ bá ti sọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn."