Ilé Gbádébọ̀ Lórí Òkè

Omi ni Gbádébọ̀ kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé iwájú ilé wọn ní Ìnísà, ẹrù tó dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" Ṣìkẹ́mi, tó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ́wọ́, bi í.

"Ibi tí ọ̀nà bá já sí ni, àǹtí tíṣà."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹ̀rín pa Ṣìkẹ́mi. Ẹ̀rín yẹn ló di ìfẹ́, ìfẹ́ sì di wàhálà ọdún mẹ́ta.

Gbádébọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Òkè ló ń gùn, igbó ló ń wọ̀, inú àgọ́ ló ń sùn. Tó bá ti tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òkukù fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ti rí owó gààrí àti ẹ̀pà, ó di gbére nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù méjì, á tún yọ: "Olólùfẹ́ mi, àárò rẹ sọ mí." Ṣìkẹ́mi á bínú, á fapá jánú, á sì tún bu oúnjẹ fún un. Kí lèèyàn fẹ́ pe irú èyí?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó délẹ̀, Bàbá Àjíṣafẹ́, bàbá Ṣìkẹ́mi, fárígá. "A ò lè fa ọmọ fún ẹni tá ò mọlé ẹ̀." Wọ́n rán Àǹtí Jemima, àbúrò wọn, pé kí wọ́n lọ wo ilé àna ní Ìkìrun, ibi tí Gbádébọ̀ ní òun ń gbé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Kò tiẹ̀ yá yàrá ọ̀rẹ́. Ó mú Àǹtí Jemima, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, gun òkè kan lẹ́yìn ìlú. Ó nawọ́ sí àgọ́. "Ẹ káàbọ̀ sílé wa, mà."

Àǹtí ò tíì jókòó ní Ìnísà tí wọ́n fi figbe ta. "Ilé ni mo ní kó mú mi lọ, ibi tí ọ̀bọ ń gbé ló mú mi lọ!"

"Ṣìkẹ́mi," bàbá rẹ̀ ní, "tára ẹ ò bá yá, òkè wo la ó ti wá ọ?"

Inú bí Ṣìkẹ́mi sí bàbá, ó bí i sí àǹtí, ó bí i jù sí Gbádébọ̀ tí kò lè pa irọ́ kékeré nítorí tirẹ̀. Ó sunkún títí ojú fi wú. Nígbà tó yá, ó ní kò burú, bí ọkùnrin yìí ò bá lè jókòó, òun á dìde. Ó di aṣọ, ó di gààrí, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìkìrun.

Inú Gbádébọ̀ dùn nígbà tó rí i lórí òkè. Bó ti rí ẹrù, ó yíjú wo àgọ́ rẹ̀.

"Màá fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀," Ṣìkẹ́mi ní. "Ibi tó o bá ń lọ, a jọ ń lọ ni."

"Ìfẹ́ mi, àgọ́ ẹnì kan nìyí."

"Ra ti ẹni méjì."

Gbádébọ̀ wolẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń lọ, èmi nìkan ni mo máa ń fẹ́ lọ."

"Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń bá gbogbo ilé wa jà, o ò rí èyí sọ?"

"Ẹ̀rù ń bà mí kí n má pàdánù ẹ."

Ó ṣe Ṣìkẹ́mi bíi kó gbá a létí, ó tún ṣe é bíi kó dì mọ́ ọn. Ó gbé àpò gààrí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Ti ẹni méjì ni mo gbé wá," ó ní. "Máa dá a mu."