Ẹni Tó Mú Ìpín Àjẹkù

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Murray Kowalchuk ń mu kọfí lójú fèrèsé nílé rẹ̀ ní Yorkton, ní Kánádà, yìnyín bo gbogbo ọgbà. Láti ìgbà tí Doreen ìyàwó rẹ̀ ti kú, rédíò nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Rédíò ọ̀hún ló sọ pé iye owó ìpín àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ti já wálẹ̀.

Gbogbo ohun tí Doreen fi sílẹ̀ ló ti kó sínú àpapọ̀ owó ìdókòwò kan tó ń ra kìkì irú ìpín bẹ́ẹ̀. Èrè oṣooṣù rẹ̀ ló fi ń jẹun. Ó pe Grant, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta ìpín inú rẹ̀ fún un.

"Wọn ò ní san èrè oṣù yìí, sà."

"Kí ló dé? Ṣé àwọn ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ni?"

"Rárá o. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín owó yẹn sí. Àwọn kan mú ìpín àkọ́san: èrè wọn kéré, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ san fún. Àjẹkù lẹ̀yin mú. Bí ọjà bá yá, ẹ̀yin lẹ ni àlékún. Bó bá wó, orí yín ni àdánù kọ́kọ́ ń já lé. Bó bá wó kọjá ààlà, wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún yín."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Mo sọ ọ́, sà. Ẹ ní kí n ṣáà máa mu tíì mi."

Òótọ́ ni. Lóṣù tí Doreen kú, Grant nìkan ló wá jókòó tì í; ẹni tí yóò bá a jókòó ló ń wá, kì í ṣe àlàyé.

Ẹ̀rù mú kí Murray ta ìpín náà lówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí ọjà padà gbéra, kò sí tirẹ̀ níbẹ̀ mọ́.

Colleen, ọmọ rẹ̀, pè é láti Halifax. "Dádì, ìgbà wo lẹ máa wá wo ọmọ-ọmọ yín?"

"Orúnkún ló ń dùn mí."

Irọ́ ni. Kò rówó ọkọ̀ òfuurufú. Irọ́ yìí ló ń pa títí ọmọ fi ń rìn.

Nígbà òtútù kejì, Colleen gbé ọmọ dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ nínú ilé tó tutù ringindin, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, torí kò rówó tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

"Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí."

Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà. Ọmọ fi igbe ta, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Wọ́n ti ta ilé náà báyìí. Yàrá kan ni Murray ń gbé.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá gbé èrè ńlá wá bá ọ, bèèrè pé ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ san fún, àti pé orí ta ni àdánù ń já lé. Má kó owó oúnjẹ rẹ síbì kan ṣoṣo. Bó bá sì bàjẹ́, sọ ọ́ fún àwọn ẹni rẹ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.